Orúkọ Àwọn Àdàpọ̀ Kílórínì: Ìmọ̀ Tí Ó Fi Ìparí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ilé

Ohun mẹ́ta kan wà tí ó ṣòro kí ilé ìdáná ṣe aláìní, yálà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́: iyọ̀ nínú àwo, omi Jàfẹ́ẹ̀lì nínú ìgò, àti ìṣáná nínú páálí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka orúkọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fún ohun tí ó wà nínú wọn lédè Faransé yóò rí i pé ìbátan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iyọ̀ ni chlorure de sodium; omi Jàfẹ́ẹ̀lì ní hypochlorite de sodium nínú; orí ìṣáná ní chlorate de potassium nínú. Kílórínì wà nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀, ọ̀kan ń wọ inú ọbẹ̀, èkejì ń pa kòkòrò àrùn, ẹ̀kẹta sì ń ran iná lọ́wọ́ láti gbiná. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú orúkọ kò ju sílébù kan tàbí méjì lọ, púpọ̀ nínú àwọn sílébù náà ni ó sì fi ìparí ọ̀rọ̀ ṣe ilé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí wọ́n wo ilé tí àwọn orúkọ wọ̀nyí ti wá, ohun tí wọ́n ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti kùnà, àti ohun tí ojú wọn ń rí nígbà tí wọ́n bá bọ́ sí ẹnu Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn tí ó wà nínú yàrá ìwádìí nìkan. Òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó ń kọ ìwé lórí omi kànga, lórí ajílẹ̀ tàbí lórí ìmọ́tótó ilé ń bá àwọn orúkọ náà pàdé lójoojúmọ́. Bí ó bá kọ «kúlọ́ọ̀» sí ibi gbogbo tí ó ti rí wọn, ó ti pa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oúnjẹ, oògùn àti májèlé rẹ́.

Orúkọ tí ó ṣáájú ìmọ̀

Ní ọdún 1774, Carl Wilhelm Scheele, apoògùn kan ní ilẹ̀ Swídìn, po ásíìdì tí wọ́n ń rí láti ara iyọ̀ mọ́ òkúta dúdú kan tí máńgánísì wà nínú rẹ̀. Gáàsì kan jáde láti inú wọn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé tí ó ń pọ́n lọ, òórùn rẹ̀ ń fún ènìyàn ní ọ̀fun, ó sì ń bọ́ àwọ̀ kúrò lára òdòdó. Scheele rí i, ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ẹ́límẹ́ǹtì ni, èyíinì ni ohun tí kò ní ohun mìíràn nínú.

Ní ọdún 1787, àwọn ọkùnrin mẹ́rin, Guyton de Morveau, Lavoisier, Berthollet àti Fourcroy, tẹ ìwé kan jáde ní Paris tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Méthode de nomenclature chimique. Kí ìwé náà tó dé, ìlú tí wọ́n ti rí nǹkan, àwọ̀ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn mẹ́rin yìí ní kí orúkọ máa sọ ohun tí ó wà nínú nǹkan. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣe ètò èdè-ìperí lónìí tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìlànà ti wá pé àwọn nǹkan tí ó bá jẹ́ ìdílé kan náà gbọ́dọ̀ ní ìbátan nínú orúkọ.

Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó dára kò ní kí ìmọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ máà ṣìnà. Lavoisier gbà pé kò sí ásíìdì kankan tí kò ní ọ́síjìn nínú. Orúkọ ọ́síjìn gan-an, tí wọ́n fi èdè Gíríìkì ṣẹ̀dá, túmọ̀ sí ohun tí ń bí kíkan. Nítorí náà, nígbà tí ó kan gáàsì Scheele, wọ́n ní ásíìdì iyọ̀ tí ọ́síjìn kún ni, wọ́n sì pè é ní acide muriatique oxygéné. Àṣìṣe ni. Kò sí ọ́síjìn nínú gáàsì náà rárá, kò sì sí nínú èròjà tí ó sọ omi ásíìdì iyọ̀ di kíkan. Humphry Davy ni ó kéde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1810 pé gbogbo ọ̀nà tí òun gbà láti yọ ọ́síjìn jáde nínú gáàsì yìí ló já sí asán, pé ẹ́límẹ́ǹtì ni, kò sì yẹ kí wọ́n fi ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ.

Fún ọdún mẹ́tàlélógún, orúkọ tí ó yẹ kó máa kọ́ni ní òtítọ́ kọ́ni ní irọ́. Bí ènìyàn bá ti lóye orúkọ náà tó ni ó ṣe ṣìnà tó. Ẹni tí kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá ni kò bá wọn ṣìnà. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun ṣe àlàyé gbogbo nǹkan tán. Bí àlàyé bá yí padà lọ́la, orúkọ kò ní yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Davy fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà tí ó rẹlẹ̀. Ó wo àwọ̀ gáàsì náà, ó sì mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì khlôros, tí ó jẹ́ àwọ̀ ewé tí kò jinlẹ̀, ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ojú ni ó gbà á gbọ́, kì í ṣe èrò. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi dúró fún ohun tí ó ju igba ọdún lọ. Síbẹ̀, orúkọ tí ó ti ara àwọ̀ wá ní ọ̀fìn tirẹ̀. Láàárín ọdún 1817 sí 1818, Pelletier àti Caventou mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, wọ́n fi kún ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ ewé, wọ́n sì pe ohun tí ń mú ewé ní àwọ̀ rẹ̀ ní chlorophylle. Kò sí kílórínì kankan nínú rẹ̀. Màgínísíọ̀mù ni ó wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún àwọn àgbẹ̀ pé ibikíbi tí wọ́n bá ti gbọ́ «kíló» tàbí «kúlọ́», kílórínì wà níbẹ̀, ti fi kílórínì sínú ewé ẹ̀fọ́ tí kò sí i. Nínú ìwé àgbẹ̀, «aró ewé» sàn fún chlorophylle ju ọ̀rọ̀ àyálò èyíkéyìí lọ, nítorí pé kò ní da ìdílé méjì tí kò bára tan pọ̀.

Ètò ìparí ọ̀rọ̀

Ètò tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn Davy ni gbogbo ayé ń lò títí di òní. Bí kílórínì bá dara pọ̀ mọ́ ẹ́límẹ́ǹtì mìíràn láìsí ọ́síjìn láàárín wọn, ìparí -ure ni èdè Faransé ń fi hàn. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, -ite ń fi èyí tí ó kéré hàn, -ate ń fi èyí tí ó pọ̀ hàn. Nítorí pé oríṣi mẹ́rin ni ó wà, kì í ṣe méjì, wọ́n tún lo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ méjì: hypo-, tí ó jẹ́ «ìsàlẹ̀», fún èyí tí ó kéré jù, àti per-, fún èyí tí ó pọ̀ jù. Bí irin tí ó bá wọn rìn bá jẹ́ sódíọ̀mù, ètò náà lọ báyìí:

chlorure de sodium, NaCl: kò ní ọ́síjìn;
hypochlorite de sodium, NaClO: ọ́síjìn kan;
chlorite de sodium, NaClO₂: ọ́síjìn méjì;
chlorate de sodium, NaClO₃: ọ́síjìn mẹ́ta;
perchlorate de sodium, NaClO₄: ọ́síjìn mẹ́rin.

Ẹwà wà nínú ètò yìí. Àdàpọ̀ ni gbogbo wọn, kì í ṣe àdàlù: nínú àdàlù, olúkúlùkù ń jẹ́ ohun tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n po iyanrìn mọ́ iyọ̀, nínú àdàpọ̀, ohun tuntun ni ó ti jáde. Orúkọ náà fi hàn pé ìdílé kan ni wọ́n, ó sì fi ipò olúkúlùkù hàn nínú ìdílé.

Àléébù rẹ̀ ni pé ipò nìkan ni ó fi hàn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n tí wọ́n sì pe èkejì ní àbúrò: olùgbọ́ mọ ẹni tí ó dàgbà jù, ṣùgbọ́n kò mọ ọdún tí ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ́. Chlorite ní ọ́síjìn méjì, chlorate ní mẹ́ta. Ẹni tí ó bá gbé ìmọ̀ yẹn lọ sí ìdílé súfúrù yóò kọsẹ̀, nítorí sulfite ní mẹ́ta, sulfate sì ní mẹ́rin. Ìparí kan náà, iye mìíràn. Hypo- àti per- sì dà bí yàrá tí wọ́n kọ́ mọ́ iwájú ilé nígbà tí ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ. Ilé náà gba gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àlejò kò lè mọ ọ̀nà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan mú un lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ìparí náà kéré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1788, wọ́n dán an wò ní Essonnes, nítòsí Paris, bóyá chlorate de potassium tí Berthollet ṣe lè rọ́pò ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀tù ìbọn. Ó bú gbàmù, ènìyàn méjì sì kú. Lavoisier àti Berthollet wà níbẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí àwọn tí ó ṣe ìwé orúkọ náà bá a lọ. Bí wọ́n bá fi -ure dípò -ate, chlorure de potassium ni yóò jẹ́, ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń da sí oko láìsí ewu iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni chlorure de sodium ṣe jẹ́ iyọ̀, tí chlorate de sodium sì jẹ́ oògùn apakoríko tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Yúróòpù kí Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó kọ̀ ọ́ nínú ìpinnu rẹ̀ ọdún 2008. Àṣìkọ kékeré kan ni ó wà láàárín oúnjẹ àti apakoríko.

Bí ó ti ń rí lẹ́nu Yorùbá

Ibí yìí ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè ti sọ̀rọ̀. Iwájú ọ̀rọ̀ ni Yorùbá ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Láti ara «kọ́» ni wọ́n ti rí ẹ̀kọ́, olùkọ́, àti akẹ́kọ̀ọ́. Láti ara «mọ̀» ni wọ́n ti rí ìmọ̀, àìmọ̀, àti aláìmọ̀kan. Àpètúnpè náà, bí ó ti wà nínú «kíkọ́» àti «mímọ̀», iwájú ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Èdè náà kò ní àfòmọ́ ìparí. Nítorí náà, etí Yorùbá kò kọ́ àṣà láti máa dúró de ìparí ọ̀rọ̀ kó tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ètò tí ó kó gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ sí ìparí ń bá etí tí kì í ṣọ́nà níbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èkejì ni ti ìró. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra. Ọ̀rọ̀ àjèjì tí ó bá dé gbọ́dọ̀ wọ fáwẹ́lì láṣọ. Bí ọ̀rọ̀ bá gba ọ̀nà èdè Gẹ̀ẹ́sì wọlé, chloride yóò di kílóráìdì, chlorite yóò di kílóráìtì. Èyí àkọ́kọ́ ni orúkọ iyọ̀. Èkejì ni ohun tí ń bọ́ àwọ̀ aṣọ tí kò sì yẹ kó kan ẹnu. «Dì» àti «tì» nìkan ni ó yà wọ́n, ní ìparí ọ̀rọ̀, níbi tí ohùn ti ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá gba ọ̀nà èdè Faransé, kílórúrù, kílórítì àti kílórátì ni yóò jáde. Ó sàn díẹ̀, nítorí fáwẹ́lì ni ó yà wọ́n, etí sì ń gbọ́ fáwẹ́lì ju kọ́ńsónáǹtì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Faransé kò mọ̀ pé «rúrù», «rítì» àti «rátì» ń sọ ohunkóhun. Ariwo lásán ni wọ́n jẹ́ fún un, ariwo lásán ni ènìyàn sì máa ń gé kúrò. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe ń di «kúlọ́ọ̀».

Ẹ jẹ́ kí ó yé òǹkàwé pé kì í ṣe ọjà ni ó ṣẹ̀. Ọjà mọ orúkọ sọ. Jàfẹ́ẹ̀lì jẹ́ orúkọ abúlé kan, Javel, lẹ́bàá odò Seine, tí ó ti di apá kan ìlú Paris, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe omi náà tà ní nǹkan bí ọdún 1785 sí 1790. Lódìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, oríṣi omi kan náà wà nínú ọ̀rá kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hypo. Ẹ wo bí ó ti rí: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ «ìsàlẹ̀» nìkan ni ó kù, wọ́n gé ara àti ìparí sọnù. Orúkọ ìlú lọ́hùn-ún, àfòmọ́ níhìn-ín. Kò sí èyí tí ó sọ ohun tí ó wà nínú omi náà. Síbẹ̀, kò sí obìnrin tí ó lọ ra Jàfẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé iyọ̀ fún. Orúkọ kan, ohun kan: ohun tí ọjà ń béèrè nìyẹn, ó sì rí i gbà.

Ọ̀rọ̀ tí ó léwu ni èyí tí ó dà bí ọ̀rọ̀ ìmọ̀, «chlore» tàbí «kúlọ́ọ̀», bí ó ti wà nínú àwọn ìwé ìléwọ́. Ohun mẹ́rin ni ó ń jẹ́. Ó jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì tí ó wà nínú iyọ̀ àti nínú ìṣáná. Ó jẹ́ gáàsì tí Scheele rí. Ó jẹ́ oògùn tí wọ́n ń dà sí kànga, tí kì í ṣe gáàsì bí kò ṣe àdàpọ̀ tí ó ní ọ́síjìn. Ó sì tún jẹ́ òṣùwọ̀n agbára oògùn náà. Lára ìgò omi Jàfẹ́ẹ̀lì, wọ́n lè kọ 12° sí i. Kì í ṣe ìgbóná ni wọ́n ń wọ̀n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lítà kan omi náà lè tú lítà méjìlá gáàsì kílórínì sílẹ̀, èyí tí í ṣe bíi gíráàmù 38. Ní apá Nàìjíríà, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kọ sí ara oríṣi ìgò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé òṣùwọ̀n ìgò kan lé ìgò kejì yóò ṣe oògùn tí kò pa àrùn, tàbí èyí tí ó le jù.

Bí wọ́n bá da ọtí kíkan tàbí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀ mọ́ omi Jàfẹ́ẹ̀lì, gáàsì kílórínì yóò jáde. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ọdún 1915. Ìwé ìléwọ́ tí ó bá sọ ní ojú ewé kan pé kí wọ́n fi kúlọ́ọ̀ sínú omi mímu, tí ó sì sọ ní ojú ewé kejì pé kúlọ́ọ̀ ń pa ènìyàn, ti fi òǹkàwé sí oríta. Bí ó bá gba ojú ewé kejì gbọ́, yóò bẹ̀rù oògùn. Bí ó bá gba èkíní gbọ́, yóò fojú tẹ́ńbẹ́lú májèlé. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì, ọmọ ìyá kan

Àdéhùn tí ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1889 la ilẹ̀ ọba Kétu sí méjì: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kejì. Lónìí, ọmọ Kétu tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń kọ́ pé chlorate de potassium ni ó wà ní orí ìṣáná. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ń kọ́ pé potassium trioxochlorate (V) ni. Ìṣáná kan náà ni, èdè abínibí kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń sọ nílé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé, ọ̀kan kò lè dá ohun tí èkejì kọ́ mọ̀.

Orúkọ ti apá Nàìjíríà ní ọlá kan tí ti Faransé kò ní: ó ka ọ́síjìn. «Tri» jẹ́ mẹ́ta. Nọ́ḿbà Róòmù tí ó wà ní ìparí, tí ó ti inú ètò tí Alfred Stock ti ilẹ̀ Jámánì dábàá ní ọdún 1919 wá, ń sọ ipò tí kílórínì wà nínú àdàpọ̀ náà: ọ̀kan fún hypochlorite, mẹ́ta fún chlorite, márùn-ún fún chlorate, méje fún perchlorate. Ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì ni ó fi ka ọ́síjìn, nọ́ḿbà Róòmù ni ó fi sọ ipò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi so wọ́n pọ̀. Ọmọ tí ó ti mọ ẹ̀ẹ́ta láti ìgbà tí ó ti ń ta ayò ń há «tri» sórí láìgbọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀. Iye ni orúkọ náà ń sọ, èdè tí ọmọ náà fi ń ka iye kò sì sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ti ní ìlànà fún irú orúkọ yìí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta kì í ṣe tuntun, ilé alájà-méjì kì í ṣe tuntun. «Oní-» ni ó ń gbé ohun tí nǹkan ní wá síwájú, nọ́ḿbà sì ń tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá lo ìlànà yìí, chlorure yóò di kílórínì aláìlọ́síjìn. Hypochlorite yóò di kílórínì ọlọ́síjìn-kan. Chlorite yóò di kílórínì ọlọ́síjìn-méjì. Chlorate yóò di kílórínì ọlọ́síjìn-mẹ́ta. Perchlorate yóò di kílórínì ọlọ́síjìn-mẹ́rin. Ọmọ Kétu àti ọmọ Ìmẹ̀kọ yóò gbọ́ ọ bákan náà. Kò sí ìparí àjèjì kan tí etí gbọ́dọ̀ ṣọ́. Kò sì sí ewu pé iyọ̀ àti apakoríko yóò fi ẹyọ ìró kan yàtọ̀: «aláìlọ́síjìn» àti «ọlọ́síjìn-mẹ́ta» jìnnà síra wọn. Bóyá «kílórínì» ti ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ tàbí «kúlọ́ọ̀» ti ọ̀nà Faransé, ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣe pàtàkì.

Ìlànà yìí náà kò ṣàì ní ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Àkọ́kọ́, gáàsì kan wà, ClO₂, tí ó ní ọ́síjìn méjì bíi chlorite, ṣùgbọ́n tí kò bá irin kankan rìn. Bí wọn kò bá dárúkọ irin, àwọn méjèèjì yóò di ọ̀kan. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ pe irin síwájú nígbà gbogbo, bíi «sódíọ̀mù kílórínì ọlọ́síjìn-méjì», kí wọ́n sì máa fi «gáàsì» síwájú ohun tí ó bá jẹ́ gáàsì. Èkejì, oògùn kànga kan tí ó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tàbí hóró ní kálísíọ̀mù dípò sódíọ̀mù. Kílórínì méjì àti ọ́síjìn méjì ni ó wà nínú àmì rẹ̀, Ca(ClO)₂, síbẹ̀ ọlọ́síjìn-kan ni, nítorí pé ọ́síjìn kan ni ó wà fún kílórínì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ òfin yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ḿbà tí ó yẹ kó ran ni lọ́wọ́ yóò tún ṣi ni lọ́nà, bí orúkọ Lavoisier ti ṣe. Ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí ìwé ìdánwò ń lò. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kò lè rọ́pò rẹ̀; ó lè jẹ́ kí ó yé e.

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di Yorùbá pátápátá, kí kílórínì àti ọ́síjìn náà ní orúkọ tí kò sí ìró òyìnbó nínú wọn. Ìtàn orúkọ wọ̀nyí kò gbè wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ni «ọ́síjìn» nínú èdè tí wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀, ìtumọ̀ náà sì jẹ́ àṣìṣe. Ohun tí ó gbà á là ni pé àwọn tí ń lò ó kò gbọ́ ìtumọ̀ náà mọ́. Ọ̀rọ̀ àyálò fún orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì kò ba nǹkan jẹ́. Ibi tí ó yẹ kí Yorùbá ti ṣiṣẹ́ ni ibi tí orúkọ ti ń sọ ìbátan àti iye, nítorí pé ibẹ̀ ni òye wà. Ètò Ifẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí Babs Fafunwa sì jẹ́ aṣíwájú rẹ̀, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, fi hàn pé àwọn onímọ̀ lè jókòó pọ̀ kí wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ kan. Ohun tí ó kù fún kẹ́mísìrì ni kí ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní ènìyàn láti ìhà méjèèjì ẹnubodè.

Títí di ìgbà náà, òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kò ní láti dúró. Ó lè fi orúkọ ọjà sílẹ̀ fún ọjà, kó má sì kọ «kúlọ́ọ̀» láìsọ èyí tí ó jẹ́. Ní ojú ewé tí ọ̀rọ̀ omi kànga wà, ó lè kọ ọ́ báyìí: «Omi Jàfẹ́ẹ̀lì ni oògùn tí ẹ óò lò. Sódíọ̀mù kílórínì ọlọ́síjìn-kan ni ó wà nínú rẹ̀. Ìgò Faransé ń pè é ní hypochlorite de sodium. Nọ́ḿbà tí ó wà lára ìgò ń sọ agbára oògùn, kì í ṣe ìgbóná. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí ásíìdì, nítorí pé gáàsì kílórínì yóò jáde, gáàsì náà sì ń pa ènìyàn.» Gbólóhùn márùn-ún ni. Òǹkàwé tí ó bá kà wọ́n yóò mọ oògùn yàtọ̀ sí gáàsì, kò sì ní nílò ẹni tí yóò ka ìparí ọ̀rọ̀ Faransé fún un kó tó da omi sínú kànga rẹ̀.